Ẹja Àníkẹ́ Tó Kú Sómi

Ẹni tó bá sọ pé ẹja kì í rìn, kò tíì gbé Igbó-Elérin nígbà òjò. Lọ́jọ́ tí òjò kan ya lulẹ̀ bí ẹni pé ọ̀sà fẹ́ wá kí wa nílé, ẹja àrọ̀ Àníkẹ́ fo táǹkì, wọ́n sì tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, ó di ọ̀nà Ìyànà Ìbà. Èyí tó ṣíwájú, àfi bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró.

Àníkẹ́ ń fi agbọ̀n ṣà wọ́n, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Opó ni. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, táǹkì ẹ̀yìnkùlé yẹn ló ń bọ́ òun àti Dámilárá ọmọ rẹ̀. Bí ẹja bá fi lè bàjẹ́, Ìlaró ló ń padà sí, lábẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ti ń wí tipẹ́ pé obìnrin kì í dá gbé Èkó.

Sàká, aládùúgbò rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, na ọrùn lórí ògiri.

"Ìyá Dámi, ẹ rọra o, ẹbí wa ni! Ẹja ayé ọjọ́un kan ló ní egungun líle nínú lẹbẹ, ló fi ń tẹ ẹrẹ̀, títí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ fi di àkèré, alángbá, ẹyẹ, àtèmi àtẹ̀yin. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn yín wò. Ọ̀pá ẹ̀yìn kan náà ni."

"Ẹbí tiyín ni, Tíṣà. Èmi kì í fi ẹbí mi se ọbẹ̀ ata."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà máa ṣọ́ wọn. Àwọn yẹn ò jẹ́ ti omi tán."

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, Àníkẹ́ pọn omi kún táǹkì dé ẹnu. Ó tẹ́ tápólì lé e títí tó fi lẹ̀ mọ́ omi pẹ́kípẹ́kí, ó fi okùn dì í, ó gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Ẹja ṣá ni. Omi púpọ̀, àlàáfíà púpọ̀. Ó wọ sùtánà funfun, ó fẹsẹ̀ lásán gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní Ajangbadi.

Ìgbà tó dé tó tú okùn, ikùn funfun ló bo ojú omi.

"Sàká! Ẹ ti da májèlé sí i! Ẹ ní kí n máa ṣọ́ wọn, àṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe!"

Gbogbo òpópónà tú jáde. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Èmi, Àníkẹ́? Èmi?" Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Àníkẹ́ la ọ̀kan, ó ń wá májèlé. Kò rí nǹkan kan nínú ikùn. Ó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, níbi tí igi ẹran kékeré kan wà, tó máa ń ya ẹ̀ka, tó sì máa ń pọ́n bí ata. Ojoojúmọ́ tó bá ń tún ẹja ṣe ló ń ha á dànù. Èyí ti dúdú.

Nínú bàsíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀ tó ṣì ń mí, tó ti ṣà kúrò nínú táǹkì, wà nínú omi tí kò ju ẹ̀yìn wọn lọ. Ọ̀kan gbé orí sókè, ó gbé afẹ́fẹ́ mì kàló, ó padà sísàlẹ̀. Ó tún ṣe é. Bó ti ń gbé e mì ni ìrù rẹ̀ ń le sí i.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Àníkẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, àyà náà ń lọ sókè, ó ń lọ sódò, bíi ti ẹja yẹn gẹ́lẹ́. Tápólì òun ni. Afẹ́fẹ́ òkè omi ni igi ẹran yẹn fi ń mí, òun ló sì dí imú wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè lórí fóònù. "Mo gbọ́ pé ẹja ti kú. Di ẹrù ẹ."

"Kò kú tán, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò bọ̀."

Ohun tó ṣẹ́kù kò kún bàsíà kan. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Sàká, sùtánà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Tíṣà, èmi ni mo pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbọ́ tí bàbá náà húkọ́ nínú ilé. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Lẹ́yìn ògiri, ẹja ń gbé afẹ́fẹ́ mì, kàló, kàló, Àníkẹ́ ò sì dìde.