Bí Ibẹ̀ Bá Ń Yún Ẹ, Tètè Lọ Síbẹ̀

Mo ti délé láti àárọ̀, inú mi ò tíì rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèmi àtàwọn ọmọge ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking, ní London níbí, fi kọ ìwé pélébé kan nípa àrùn ìbálòpọ̀ fáwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohun tá a kọ síwájú rẹ̀ ò ju èyí lọ: "Bí ojú ara rẹ bá ń yún ẹ, tètè lọ sí kílíníìkì."

Lónìí, mo gbé e fún Ìyá Ìjọ kí wọ́n bá wa wò ó. Wọ́n yọ bíírò pupa.

"Ojú kí ni? Nínú ilé Ọlọ́run? 'Ibẹ̀' ni kó o kọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

"Kílíníìkì wo tún ni? Káyé lè sọ pé àwọn ọmọ wa ń ṣèṣekúṣe? Wọ́gi lé e. Kọ 'síbẹ̀'."

Ẹ wá wo ohun tó kù: "Bí ibẹ̀ bá ń yún ẹ, tètè lọ síbẹ̀."

Lọ síbo? Ṣé ọjà Heathway ni?

"Ibẹ̀" ni wọ́n kọ́ èmi náà. Nígbà tí irú àrùn yìí mú mi lọ́mọ ogún ọdún, oṣù mẹ́fà ni mo fi dákẹ́, torí mi ò mọ ẹnu tí màá fi sọ ọ́. Kí n tó lanu, ó ti ba ilé ọmọ mi jẹ́.

Ìyá Ìjọ yìí kan náà ló ń gbọ́wọ́ lé mi níkùn ní gbogbo Sunday pé Olúwa á fún mi lọ́mọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni wọ́n ń pe ojú ara nílé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Ẹ má kọ "ibẹ̀" fún mi o.