Ìyá Mi, Èmi àti Ọkọ̀ Inú Pálọ̀

Ọmọbìnrin tó ń gbé òkè ilé wa ní Ìgándò ló fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ sí Kánádà. Ó ti ta fíríìjì, ó ti ta bẹ́ẹ̀dì, ó ti pín aṣọ rẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́, ó wá ku ẹ̀rọ gbọọrọ kan báyìí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Irin gígùn kan ni, àga kékeré kan ń yọ̀ lórí rẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn. Ó ní ibi tí èèyàn ń ti ẹsẹ̀ bọ̀, ó sì ní ìdìmú tí wọ́n so mọ́ okùn. Bí o bá fa okùn náà, abẹ̀bẹ̀ ńlá kan tó wà nínú ike níwájú á máa yí, ariwo rẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí ìjì ń bọ̀ lókèèrè. Wọ́n ṣe é kí èèyàn lè máa tukọ̀ láìkúrò nínú ilé.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ gbà á, Mà," ló wí. "Ṣebí dókítà ní kí ẹ máa ṣe eré ìdárayá, tẹ́ ẹ sì ní orúnkún ò jẹ́ kí ẹ sáré? Èyí ò ní yọ orúnkún lẹ́nu."

Òótọ́ ló sọ. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, aṣọ ni mò ń rán ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru sókè. Dókítà ti kìlọ̀, ó tún kìlọ̀. Ni mo bá ní kí wọ́n bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sí pálọ̀.

Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé látìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó dìde, ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká, ó fi ọ̀pá tó fi ń rìn kàn án.

"Kí lèyí?"

"Ọkọ̀ ni, Màámi."

"Omi rẹ̀ dà?"

Mo ṣàlàyé títí. Ó ní ó dáa, láti ìdí ẹ̀rọ kan bọ́ sídìí òmíràn, kí Ọlọ́run ṣáà ti fi àǹfààní sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó kírun Sùbúhì tán, ó jókòó pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò mí. Mo ti ẹsẹ̀ bọ ibi tó yẹ, mo di okùn mú.

"Dúró ná," ló wí. "Níbo lò ń lọ?"

Mo sọ fún un pé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún mi, bó bá jẹ́ pé orí omi ni, ẹ̀yìn mi lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ náà á máa lọ.

"Ẹ̀yìn? O kẹ̀yìn síbi tó ò ń lọ?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. "Ẹ̀yin òyìnbó! Bẹ́ ẹ bá wá kọ lu ọkọ̀ ẹlòmíì ńkọ́?"

Mo rò pé bí mo bá ṣe ń fà á kíkankíkan tó ló ṣe máa dáa tó. Mo fà, mo fà, mo ń fà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí ojú ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà tó kọ ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà, èémí ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, ìdí ń ro mí, àtẹ́lẹwọ́ mi ti pọ́n roro. Mo yọ̀ bọ́ sílẹ̀, mo sì nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé o ti dé ni?" ìyá mi béèrè.

"Rárá o, Màámi. Mo ti rì ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá rántí àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn báyìí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni òórùn búrẹ́dì láti ilé búrẹ́dì ẹ̀yìnkùlé wa, àti ìró tẹ̀súbáà tó ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ìka ìyá mi.

Mo wo fídíò lórí fóònù. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ní ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń tì, kì í ṣe apá. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ tì, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, apá ni ìgbẹ̀yìn. Ìyá mi kò gbà.

"Apá ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Ta ní fẹsẹ̀ wà á rí?"

A bá ara wa jiyàn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ti ẹsẹ̀, ọkùnrin inú fóònù ni mo tẹ̀ lé, òun ló sì jàre. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìyá mi sọ tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Kánjúkánjú rẹ ti pọ̀ jù," ló wí. "Bó o bá ti fa àjẹ̀ tán, má tètè tì í padà. Ọkọ̀ ṣì ń lọ nígbà yẹn. Òun ń lọ, ìwọ ń sinmi. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ọkọ̀ gbé òun, òun ló ń gbé ọkọ̀."

Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo fi agbára tì, mo wá rọra padà, bí ẹni pé mi ò níbì kan tí mò ń lọ. Èémí mi wálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo kọjá ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà láìmọ̀, ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé mo ti ń sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan.

"Màámi, níbo lẹ ti mọ̀ yẹn?"

"Àbí o gbàgbé pé ara Ẹ̀pẹ́ ni mí ni?"

Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, káfíńtà ni, Ìkòtún ló sì kọ́lé sí. Ògbómọ̀ṣọ́ la máa ń lọ lọ́dún Iléyá. Ẹ̀pẹ́, bí òkú bá kú níbẹ̀ la máa ń lọ, mọ́tò la máa ń wọ̀, a kì í sì í sùn. Ìyá tí mo mọ̀ ni ìyá Ìkòtún, tó ń ta ìkòkò àti páànù nídìí ọjà, tí kò jẹ́ kí a sún mọ́ gọ́tà bí òjò bá ń rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó di àjẹ̀ mú rí.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí mo bá ń tukọ̀. Abúlé wọn wà ní òdìkejì ọ̀sà. Láti kékeré, òun àti ìyá rẹ̀ ló máa ń kó ẹja yíyan àti edé lọ sọ́jà, ìyá á jókòó síwájú, òun á wà lẹ́yìn. Ó ní nígbà ọyẹ́, kùrukùru á bo ojú omi tí èèyàn ò ní rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀, àwọn atukọ̀ á wá máa fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò, kò, kò, kí àwọn tó ń bọ̀ lè gbọ́. Ó ní orin wà tí wọ́n máa ń kọ, àmọ́ ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ló kù. Ó fi imú kọ ọ́ fún mi. Mo tukọ̀ sí i.

Bí mo ṣe ń fi díẹ̀ kún un nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, màá fi bíńtín kún ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí ara á wúwo, màá ṣe ìwọ̀nba, màá sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi kì í bínú sí ìyẹn. Ohun tí kò fẹ́ ni kí n má gùn ún rárá.

Nígbà tí mo dé ẹgbẹ̀rún méjì, ìgbéraga wọ̀ mí. Oníbàárà mi kan wá gba aṣọ, ó ní mo ti fọn, ó ní kí ni mò ń lò. Inú mi dùn débi pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pinnu pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni màá wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi ní ó ti yá jù. Mo ní kí ó máa wò mí ṣá. Díẹ̀ ló kù kí n dé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nígbà tí ẹ̀yìn mi ké tó. Mi ò lè nàró. Mo rọ́ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì bí alákàn.

Ìyá mi ló ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn mi, tó ń fi òrí ra á. Kò sọ pé ṣebí òun sọ fún mi. Ohun tó wí kò ju pé, "Ọ̀sà ò sá lọ. Ibi tó wà lánàá náà ló máa wà lọ́la." Ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ dáadáa tí mo fi jókòó sílé. Nígbà tí mo padà, ìwọ̀nba tí ọmọdé lè ṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí níwájú nọ́ńbà kékeré yẹn. Àmọ́ ara mọ ọ̀nà. Kò pẹ́ púpọ̀ kí n tó bá ara mi níbi tí mo ti ṣubú.

Ọjọ́ tí mo pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún, òjò ń rọ̀. Mi ò ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ìyá mi ló ṣáà ní, "Lónìí, èmi ni màá mú ẹ lọ sọ́jà. Ó yá, a ti tú okùn."

Ó di ojú rẹ̀. Ó ní a ti ń kọjá láàárín ojú oró àti òṣíbàtà, kí n rọra, kí ewé má di àjẹ̀ mú. Ó ní ká kí bàbá tó ń yọ ẹja nínú ìgèrè rẹ̀ lápá ọ̀tún, bàbá náà kì í fẹ́ kí wọ́n kọjá òun láìkí i. Mo kí bàbá. Ó ní a ti dé gbalasa omi, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí n mí, kí n má bá a jà. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni mò ń tì, tí mò ń padà. Òógùn ń wọ̀ mí lójú. Mo gbàgbé nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti ń gbọ́ ariwo ọjà, òun ti ń rí èéfín, òun ti rí àwọn obìnrin tó ń fọ igbá létí omi.

"A ti dé!" ló wí, ó sì la ojú.

Mo ṣì ń tì. Mo mi orí pé rárá. Ó rí i pé mi ò tíì dúró, ó sì mọ̀ pé ó ṣì ku díẹ̀.

"Hẹn-ẹ́n, a ò ráyè gúnlẹ̀ ni," ó sọ ọ́ kíá. "Ọkọ̀ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Aláta kan àti ẹlẹ́ja kan ló ń jà. Ẹlẹ́ja ní aláta ta omi sí òun lára. Aláta ní ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni, tí omi ò gbọdọ̀ kàn ẹ́? Wọ́n ti gbá ara wọn ní gèlè mú báyìí. Máa bọ̀, máa bọ̀, wọ́n ti ń là wọ́n..."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ó kù díẹ̀ kí okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi parí rẹ̀. Nígbà tí èémí mi padà, mo bi í pé ṣé òótọ́ ni ìjà yẹn ṣẹlẹ̀.

"Ìwọ ṣá," ló wí, "ṣé o dé àbí o ò dé?"

Lẹ́yìn èyí ló ní kí n gbé òun gùn ún. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo dì í mú látẹ̀yìn, mo ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bọ inú ìdè. Ó fa okùn náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́. Abẹ̀bẹ̀ kò ju kó mí díẹ̀ lọ. Ó dúró, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń rọlẹ̀.

"Ó jọ ọ́," ló wí. "Kò sì jọ ọ́." Ó ní kí n gbé òun sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá mi kú nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. A sin ín ní Ìkòtún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, bó ṣe fẹ́. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́. Mo ń fi aṣọ oníbàárà lé e lórí, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ mi tún ru sókè, dókítà tún kìlọ̀.

Oníbàárà tó sọ pé mo ti fọn níjọ́sí ló wá kó aṣọ kúrò lórí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ òun. Mo ní ó ti pẹ́, mo ti gbàgbé. Ó ní kí n ṣáà ṣe díẹ̀ kí òun wò. Mo jókòó, mo tì, mo rọra padà. Ó dùn mí ní gbogbo ibi tó ti dùn mí níjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó kàn án, òun náà ń fà á kíkankíkan, mo sì sọ fún un pé kí ó fi ẹsẹ̀ tì, kí ó má kánjú padà. Àárọ̀ Sátidé ló máa ń wá báyìí. Bí àwa méjèèjì bá ti wà á tán, a máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a ó máa mu omi, a ó máa jẹ búrẹ́dì gbígbóná, a ó sì máa sọ ti àwọn ìyá wa títí òógùn á fi gbẹ.