Fọ́tò Ràímì Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi

Òórùn eruku tó ń gbóná ni mo fi mọ kọ̀ǹpútà wa. Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ni Bàbá mi gbé e dé láti Savalou lórí ọ̀kadà, ó fi ìró Ìyá mi wé e bí ọmọ tuntun. Àlòkù ni, ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó. Nígbà tí wọ́n tàn án ní ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ìlú wa, Bantè, òórùn eruku rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ ti gàrí tí Ìyá mi ń yan lẹ́yìnkùlé. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn bẹ́ẹ̀, àyà mi a kọ́kọ́ já kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Fọ́tò ni Bàbá mi ń ya: fọ́tò káàdì, fọ́tò ìkómọ, fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá láti Pira àti Agoua. Inú àpò kan nínú kọ̀ǹpútà náà, tí a ń pè ní dọ́síyè, ni gbogbo rẹ̀ wà. Níbẹ̀rẹ̀, bí o bá ṣí i, orúkọ lásán ni wàá rí, wíníwíní, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì. Ìyá mi kò sì mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi Ràímì, tó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou, ló tẹ ibì kan, ló bá yí bí dọ́síyè náà ṣe ń hàn padà. Ojú àwọn èèyàn yọ síta, ó tóbi, ó tò bí ẹni tó jókòó sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Ìyá, ojú tí ẹ bá dá mọ̀, ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá mi ti di ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á dé, Ìyá mi á wo ojú rẹ̀, á wo kọ̀ǹpútà, á sì ti rí fọ́tò rẹ̀ kí Bàbá mi tó rí awò ojú tirẹ̀. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni ó máa ń wí. Ó máa ń fi Bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó kàwé ń wá Mùsá, bẹ́ẹ̀ ìdajì Bantè ló ń jẹ́ Mùsá.

Nígbà òjò ni ọ̀kadà gbé Ràímì ṣubú lọ́nà Gouka, níbi tó ti ń lọ fi fọ́tò lé oníbàárà lọ́wọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn àgbà ń sọ fún Ìyá mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi obìnrin kó aṣọ Ràímì, bàtà rẹ̀ àti fọ́tò ara ògiri lọ sí Savalou, nítorí bí ọ̀dọ́ bá kú lọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí ojú ìyá rẹ̀ bá ohun tó fi sílẹ̀ pàdé. Ó tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ Ràímì pe àwọn òbí mi mọ́. Bí wọ́n ṣe di Bàbá Sàlámá àti Ìyá Sàlámá nìyẹn. Orúkọ mi ni, ó sì wúwo lọ́rùn mi.

Kọ̀ǹpútà nìkan ló kù. Ràímì wà nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn oníbàárà. Bàbá mi kò lè pa á rẹ́. Ó jókòó, ó sì dá dọ́síyè náà padà sí orúkọ lásán.

Nígbà tí Ìyá mi padà sí ṣọ́ọ̀bù, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Pira wá gba fọ́tò. Ìyá mi ṣí dọ́síyè, kò rí ojú kankan. Ó wò ó títí, ó wá pe Bàbá mi ní orúkọ tí a ti pa tì.

"Bàbá Ràímì, nínú èèrà wọ̀nyí, èwo ni ọmọ mi?"

Bàbá mi ní, "Ó wà níbẹ̀. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ fi ojú rẹ̀ hàn mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Mi ò lè ṣe é."

Ìyá mi dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó padà sídìí gàrí. Kò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà mọ́ láéláé. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé ni, mi ò tíì mọ ìwé kà. Mo kórìíra Bàbá mi lọ́jọ́ náà. Mo ní ìkà ni.

Ìyá mi ti kú báyìí, kò sì rí ojú Ràímì mọ́. Savalou ni mo ń gbé, fọ́tò Ìyá mi kún inú dọ́síyè kan nínú kọ̀ǹpútà tèmi. Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò lè ṣí dọ́síyè náà, nítorí ojú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pàdé mi. Ni mo bá yí i sí orúkọ lásán, bí Bàbá mi ti ṣe. Mo rò pé yóò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà. "Ìyá mi lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀." "Ìyá mi àti àwọn ọmọ." Mo kà á, mo gbé orí lé tábìlì, mo sunkún.

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láàárín àwa mẹ́ta tó kù nínú ilé yẹn lẹ́yìn Ràímì, Bàbá mi nìkan ló mọ̀wé. Gbogbo ìgbà tó bá ń wá fọ́tò fún oníbàárà ló ń ka orúkọ Ràímì kọjá. Ojú Ìyá mi nìkan ni mo rí nígbà èwe mi. Bàbá mi rí ohun tó fi bo ojú aya rẹ̀. Kò rí ohun tó máa fi bo tirẹ̀.