Ẹ̀gbọ́n Mi Oníwọ̀n àti Adùn Tó Fara Pamọ́

Àwọn ará àdúgbò wa ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé ìyẹ̀ pákó ni ẹ̀gbọ́n mi káfíńtà ń jẹ kí wọ́n tó kú. Irọ́ ni. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, èmi ni mo ń dáná, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí wọ́n fi ìyẹ̀ pákó sẹ́nu. Wọ́n kàn ń sun ún lábẹ́ tòmátì ni, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì yàtọ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, mo lọ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀. Nígbà tí mo máa fi dé, èéfín ti ń tú jáde lójú fèrèsé ilé ìdáná wa bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ gbéra, tọkọtaya tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà sì ti já wọlé pẹ̀lú garawa omi méjì. Wọ́n ti da àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, pẹ́ńsù wà létí wọn, ìkòkò wà níwájú wọn, omi ń ro tó, tó, tó nírùngbọ̀n wọn.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?" ni ọkọ bèèrè.

"Kò sí nǹkan tẹ́lẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Tòmátì ló jókòó jẹ́ẹ́ tó ń gba èéfín sára. Ẹ̀yin lẹ wá wẹ̀ fún un."

Ká tó dé ìdí èéfín, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwa méjì péré la kù nínú ọmọ ìyá wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá wa. Wọ́n ń ya irun wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, òòyà bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó parí nìyẹn. Torí náà, nígbà tí dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ awò ojú, tú ìgbànú ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ kúrò lápá ẹ̀gbọ́n mi tó sì mi orí, òòyà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga jù. Ó kọ oògùn, ó ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n dín òróró àti iyọ̀ kù, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí ẹ̀jẹ̀ náà ò bá wálẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gun òrùlé mọ́. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé bí ìgbà tí èèyàn ní kí ẹja má lúwẹ̀ẹ́ mọ́ ni.

"Dókítà, ẹ ní kí n dín iyọ̀ kù. Ìwọ̀n wo?"

"Gbogbo iyọ̀ òòjọ́ ò gbọdọ̀ tó ṣíbí tíì kan, sà."

"Ṣíbí tó kún yọrí, àbí èyí tó tẹ́jú?"

"Èyí tó tẹ́jú ni, sà."

"Kí la fi ń tẹ́ ẹ?" Wọ́n ti ń fa rúlà yọ lápò. Irú èyí ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn máa pè wọ́n ní Oníwọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rù ni mo fi ń dáná. Mi ò fi iyọ̀ kankan sí nǹkan kan. Mo bọ ẹ̀wà, mo bọ ẹ̀fọ́, mo bọ ẹja, gbogbo rẹ̀ tẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi bu ṣíbí kan, wọ́n gbé ṣíbí náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n wojú mi.

"Àbúrò, ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú o."

"Kí ló wá dé tí ọbẹ̀ yìí ń ṣọ̀fọ̀?"

Ṣùgbọ́n wọn ò bá mi jà. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, abọ́ á sì padà wá lófìfo. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n ti gba kámú. Àfi ìgbà tí mo lọ wá ìṣó tí n ó fi kọ́ aṣọ, tí mo ṣí agolo ìṣó wọn. Iyọ̀ ló kún inú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, irú ìṣó wo nìyí?"

"Àwọn kéékèèké yẹn ni," ni wọ́n wí, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo jókòó sórí pákó tí wọ́n ń fá lọ́wọ́. Mo ní, "Òòyà ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá wa lójú mi rí, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè dúró kí òòlù náà wá bọ́ lọ́wọ́ yín lójú mi."

Wọ́n dìde. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé agolo náà, wọ́n lọ da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n wọlé, ojú wọn ti ń tàn bí ìgbà tí wọ́n bá rí iṣẹ́ tó le.

"Ṣó o rí i, kì í ṣe iyọ̀ ni mò ń wá. Adùn ni mò ń wá. Ọ̀dọ̀ iyọ̀ ni mo ti máa ń bá a pàdé láti kékeré ni. Kò lè jẹ́ ilé kan ṣoṣo ló ń gbé. Jẹ́ ká wá a kiri."

Bí wọ́n ṣe fá pátákó kan nìyẹn, tó jọ̀lọ̀, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan wọ́n á se nǹkan díẹ̀ nínú ìkòkò kékeré, wọ́n á fi ìborí mi dì mí lójú, wọ́n á ti ṣíbí sí mi lẹ́nu, wọ́n á ní kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n ń wò. Bó bá ṣe gbéra sí ni wọ́n ṣe máa fa ìlà sórí pátákó.

"Ẹnu á máa bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n," ni wọ́n máa ń wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò mọ ẹ̀gbọ́n."

"Atalẹ̀ ni," ni n ó wí.

"Ó ku ọ̀kan."

"Aáyù."

"Ó ku ọ̀kan."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan míì níbẹ̀ mọ́."

Nígbà míì, lóòótọ́, kò sí nǹkan míì níbẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ kí n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, torí wọ́n ti kíyè sí i pé èmi a máa gbé oúnjẹ mì bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

A rí nǹkan kọ́. Tí a bá fi àlùbọ́sà sórí iná kékeré, tí a mú sùúrù títí tó fi pọ́n, ó máa ń dùn bí ẹni fi ṣúgà sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀, tí a bá fún un sínú ìkòkò tó ń hó, adùn rẹ̀ á sá lọ. Àmọ́ ká sọ ìkòkò kalẹ̀ ná ká tó fún un, ahọ́n á máa wá iyọ̀ kiri, á sì rò pé òun ti rí i. "Fáníìṣì tí à ń kùn sára àga lọ̀rọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ló ń wá." Lọ́jọ́ míì, iyọ̀ inú ṣíbí dókítà kì í dé ìdajì.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti bá adùn èéfín pàdé. Ẹ̀ka igi ọsàn kan tí wọ́n là ló ń ta sánsán débi pé itọ́ ń yọ lẹ́nu wọn. Wọ́n da ìyẹ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ ògbólógbòó ìkòkò, wọ́n gbé tòmátì sórí asẹ́ lókè rẹ̀, wọ́n sì dáná sí i. Ẹ ti mọ bí omi ṣe débẹ̀. Ṣùgbọ́n tòmátì méjì tí omi ò kàn, ìlà méje ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fún wọn.

Ó wá di pé gbogbo nǹkan ló ń gba èéfín. Ọjọ́ tí ìyẹ̀ igi ọsàn tán, wọ́n gbá èyí tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti gbàgbé pé àga àtijọ́ kan tó ní fáníìṣì ni àwọn fá láàárọ̀. Wọ́n ti ẹ̀wà sí mi lẹ́nu. Mo tu ú dànù.

"Kí lo tọ́ wò?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n jókòó lé e?"

A da gbogbo ẹ̀wà inú ìkòkò náà nù. Wọ́n fi ìtìjú kọ ọ́ sórí pátákó: Àga, òdo.

Oṣù mẹ́ta pé. Dókítà di ìgbànú náà mọ́ wọn lápá, mo sì ń wo bàtà mi, mi ò fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Ó ti wálẹ̀, sà. Ẹ lè gun òrùlé yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn sílẹ̀ o. Báwo lẹ ṣe ń fara da oúnjẹ náà?"

"Ta ló ní mò ń fara dà á?" Wọ́n yọ agolo ìṣó yẹn lápò. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, tòmátì eléèéfín ló wà nínú rẹ̀. Dókítà wò mí, mo fi orí sọ fún un pé kó jẹ ẹ́. Bó ṣe fi sẹ́nu báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ti yọ pẹ́ńsù létí, wọ́n ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tún lò láyé. Òrùlé tí wọ́n kàn láàárín rẹ̀, mi ò lè kà á. Ogbó ló mú wọn lọ, kì í ṣe iyọ̀, kì í sì í ṣe ìyẹ̀ pákó. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará àdúgbò.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo gbé ọbẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Wọn ò lè gbé nǹkan mì mọ́. Wọ́n kàn na ọwọ́ sí ìborí mi. Ó yé mi. Mo tú u, mo fi di ara mi lójú, mo sì bu ọbẹ̀ náà sẹ́nu ara mi, èmi tí mo sè é.

"Kí ló wà níbẹ̀?" Ohùn wọn ti rọ̀, bí ìgbà tí ìyẹ̀ pákó ń bọ́ sílẹ̀.

"Tòmátì eléèéfín ni, ẹ̀gbọ́n. Àlùbọ́sà tó pọ́n. Atalẹ̀. Aáyù. Ọsàn wẹ́wẹ́, ìgbà tí mo sọ ìkòkò kalẹ̀ ni mo fún un."

Mo ti ka gbogbo ohun tí mo fi sí i tán. Ìborí náà ti tutù lójú mi, omijé ti ń gba abẹ́ rẹ̀ ṣàn wá sí ẹnu mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n ń wò.

"Ó ku ọ̀kan, àbúrò," ni wọ́n wí. "Má kánjú. Wá a dáadáa."