Àwọn Alábàárù Inú Kíndìnrín Mi

Ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, èmi ni olórí àwọn alábàárù tó ń kó àpò gààrí wọ sọ́ọ̀bù níwájú, tó sì ń kó o jáde lẹ́yìn sínú lọ́rí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àpò kọ́rùn, tísà á dúró wò mí.

Lọ́dún tí ètò Sáàpù ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, nínú oṣù ààwẹ̀, eéwo wẹ́wẹ́ olómi tò sí ìhà mi lápá kan, ó ń ta bí iná. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Ayépé kan, ní kòkòrò àìfojúrí ló fà á. Ó fún mi lóògùn: hóró kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, pẹ̀lú omi púpọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má gbààwẹ̀ o."

"Èmi? Mi ò já ààwẹ̀ kan sílẹ̀ rí!"

Mo kó hóró márààrún mì pọ̀ ní sààrì, mo sì ru àpò nínú oòrùn títí di ìṣínu. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yìn ń ro mí, ìtọ̀ ò wá mọ́. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́.

Ìyàwó mi tì mí dé ọsibítù. "Olórí alábàárù! Ìtọ̀ lásán lẹ ò lè gbé jáde."

Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe fún dókítà. Ó ní, "Bàbá, àwọn purotéènì kan wà nínú kíndìnrín yín tó ń ṣiṣẹ́ alábàárù. Àwọn kan ń gbé oògùn wọlé látinú ẹ̀jẹ̀, àwọn yòókù ń gbé e jáde sínú ìtọ̀, omi á wá wọ́ ọ lọ. Bí oògùn bá ya lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan, tí omi ò sí..."

N ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Sọ́ọ̀bù ti kún! Ará iwájú ń kó wọlé, kò sí lọ́rí lẹ́yìn. Àpò á wó lu àwọn tó wà nínú!"

Ó yà á lẹ́nu. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ta ló kọ́ yín?"

"Gààrí ni."

Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n fa omi sí mi lára. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun àlàásárì, ìtọ̀ dé. Díẹ̀ ni, ó dúdú bí àgbo, ṣùgbọ́n mo pariwo débi tí nọ́ọ̀sì fi sáré wá. Ìyàwó mi gbé ìgò ìtọ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, omi lé lójú ẹ̀.

"Olórí alábàárù, ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo pàṣẹ pé àpò kankan ò gbọdọ̀ wọ sọ́ọ̀bù àfi bí lọ́rí bá ti dúró lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ló dé. Mo bu omi mu, mo ní kí wọ́n lọ bi kíndìnrín mi.