Bí Mo Ṣe Lọ Kó Ìwé Mi Jáde ní Ìbàdàn, Tí Wọ́n Kí Mi Kú Ara Fẹ́ra Kù

Ìdájí ọjọ́ Sátidé ni mo kúrò nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wọ léèsì tuntun, mo sì rọra fi gèlè mi sínú báàgì kí ó má baà rún. Ọkọ mi, bàbá Ṣadé, sìn mí dé gáréèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sìn mí kò dùn létí. Wọ́n ní, "Ìyá Ṣadé, ta ló ń kàwé Yorùbá mọ́? O máa kó gbogbo ẹ̀ padà wálé ni, ẹlẹ́pà ló máa jogún ẹ̀." Ẹ gbọ́ ná, ṣé irú àdúrà tí wọ́n ń gbà fún arìnrìn-àjò nìyẹn? Inú bí mi, mo sì fẹnu ara mi kó bá ara mi. Mo ní bí ẹnìkan ṣoṣo tí kì í ṣe ẹbí mi, tí a ò sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, bá ka ìwé mi dé òpin, ó tán, mo borí. Bí kò bá sí, màá pa ìwé kíkọ tì, màá jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ mi, ikán á sì máa jẹ ìyókù ìtàn náà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, tó wà nínú àpótí. Wọ́n ní, "A ti gbọ́."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Òjóò. Ọ̀nà náà dára níbi tó dára. Níbi tí kò dára, orí wa ń kan òrùlé ọkọ̀. Ní Òjóò, mo wọ máíkírà, ìyẹn mọ́tò kékeré tí ará Ìbàdàn ń fi ṣe takisí, tí wọ́n ń kó èèyàn méjì síwájú bí ẹni kó iṣu. Nílé wa, bí o bá kí awakọ̀, á dá ọ lóhùn. Mo kí ti Ìbàdàn pé ẹ káàárọ̀ o, họ́ọ̀nù ló fi dá mi lóhùn.

Agbowó ni ilé ìtẹ̀wé tó tẹ ìwé mi wà. Yàrá kan ni, ẹ̀rọ méjì, àti ọ̀gá wọn, Láńre, ọmọkùnrin ọlọ́yàyà kan tó ń pè mí ní mọ̀mí. Ó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà agánńyìn fún mi, ata rẹ̀ pọ̀ débi pé omijé ti ń bọ́ lójú mi kí n tó rí ìwé rárá. Lẹ́yìn náà ló fa ẹ̀dà kan yọ nínú páálí.

Háà! Fọ́tò mi ló gba gbogbo iwájú ìwé. Mo wà nínú àwọsánmà. Àbẹ́là méjì ń jó lọ́tùn-ún àti lósì mi, ẹyẹlé funfun kan ń fò kọjá lórí gèlè mi. Kọ̀ǹpútà ti bó ojú mi títí mo fi pupa bí ẹ̀pà tí wọ́n bó.

Mo ní, "Láńre, ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú o, mọ̀mí. Bí a ṣe máa ń ṣe ìwé wa nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni mo wá rí àwọn ìwé tó wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ni gbogbo wọn, láti òkè dé ilẹ̀. Mo bi í bóyá kò sẹ́ni tó ti ráhùn nípa iṣẹ́ rẹ̀ rí. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Nínú gbogbo àwọn tí fọ́tò wọn wà níwájú ìwé, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá wo tiyín."

Aago ti lọ, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ring Road la gbà fún ohun tí wọ́n ń pè ní láńṣìn. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín: láńṣìn ni ibi tí àwọn tí kò ka ìwé ti ń yin ìwé fún àwọn tí kò ní kà á. Bí àwọn àlejò ṣe ń wọlé ni wọ́n ń gba ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wò, tí ojú wọn ń yí padà, tí wọ́n ń wá mi wá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o." "Ọlọ́run á tu yín nínú." Mo yíjú sí Láńre, ó sì sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ má sọ nǹkan kan, mọ̀mí. Òǹkọ̀wé tó ti kú ló ń tà."

Alága ọjọ́ náà, olóyè kan tó pẹ́ kó tó dé, dìde. Ó gbé ìwé mi sókè. "Mo mọ obìnrin yìí dáadáa," bẹ́ẹ̀ ló wí, "ìwà ẹ̀ tutù. Ó ku díẹ̀ kó jáde láyé ló pè mí, ó ní, Olóyè, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ mi parun." Ó nu ojú. Ó ní òun á ra ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà fún àwọn ilé ìwé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láńre fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Èmi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi jókòó síwájú rẹ̀ gbọnrangandan, mo gbé mínírà lọ́wọ́. Ìwà ta ló tutù? Ara mi ò gbà á mọ́.

"Bàbá, èmi ni o. Èmi ni mo kọ ọ́. Mi ò kú!"

Olóyè wo ìwé, ó wò mí. "Ta ló wá kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

Ó rọra gbé ìwé náà sílẹ̀ bí ẹni gbé abọ́ gbígbóná. Ó ní ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà yẹn, ìrántí òkú lòun fi ṣe. "Ìwọ ṣì wà láàyè, ọmọ mi. Ní sùúrù. Àsìkò tìrẹ náà ń bọ̀." Àwọn èèyàn fi ìwé sílẹ̀ lórí àga, wọ́n mú ṣíìnṣíìn wọn dání, wọ́n lọ. Mo sunkún nínú máíkírà títí mo fi dé ilé àǹtí mi ní Baṣọ̀run. Kì í ṣe ti ata mọ́.

Ọjọ́ kejì, mo kó páálí mi lọ sí Òjóò. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀pọ̀ èrò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ò sì tètè kún. Awakọ̀ wa, Múfú, bá mi gbé ẹrù, ó sì rí iwájú ìwé. "Inna lilahi! Ṣé màmá yín ni?" Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé pé mi ò kú. Mo ní, "A dúpẹ́ o." Ó kọ̀, kò gba owó ẹrù lọ́wọ́ mi. Ó ní òun á mú ẹ̀dà kan, kí òun fi bọ̀wọ̀ fún màmá. Ó bá jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń kà á.

Ọkọ̀ kún. Múfú ò mira. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ẹ ṣe sùúrù," ó ní, "ọkùnrin yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà."

"Ọkùnrin wo?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tó wà nínú ìwé náà: bí ọkọ Àbẹ̀ní ṣe lọ sí Gáná, tí kò fi iṣẹ́ ránṣẹ́ títí orí Àbẹ̀ní fi funfun, tó wá ń kan ilẹ̀kùn báyìí. Ọkọ̀ dàrú. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn! Kó padà sí Gáná!" Àlàájì kan lẹ́yìn ní ọkọ lọkọ ń jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Wọ́n ń jà nítorí Àbẹ̀ní mi! Mi ò mọ ìgbà tí mo lanu.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Múfú wo iwájú ìwé. Ó wò mí. "Ṣebí wọ́n ti kú?"

"Akúdàáyà!" Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi ti bọ́ sílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ló kù nídìí ẹsẹ̀ mi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sún mọ́ mi. Múfú nìkan ni kò sá. Ó di ìwé mú gírígírí, ó ní: "Màmá, bẹ́ ẹ bá ṣe akúdàáyà, bẹ́ ẹ bá ṣe èèyàn, mi ò bá yín jà. Ṣé ó ṣílẹ̀kùn?"

Mo ní, "Gbé wa délé, kí o lọ kà á."

Obìnrin yẹn padà wá mú bàtà rẹ̀, ó já mi léèékánná lápá. Mo ké yéè. Ó ní, "Èèyàn ni," ó bá jókòó.

Bàbá Ṣadé ti ń dúró dè mí ní gáréèjì pẹ̀lú bárò tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹrù. Ẹ ò rí ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú mi! Bí wọ́n ṣe ń to páálí, Múfú fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó ń ka ojú ewé tó kù. Lójijì ó pa ìwé náà dé, ó sì dojú kọ mí, inú ń bí i.

"Ẹ ò sọ bóyá ó ṣí i! Màmá, ká ní ẹ ti kú lóòótọ́ ni, ǹ bá ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò kú. Ẹ lọ kọ ìyókù!"

Ohun tí Ìbàdàn kọ́ mi nìyí: òkú ni àwọn èèyàn ńlá ń yìn, ẹni tó wà láàyè ni òǹkàwé ń bá jà. Ìjà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà Olóyè lọ. Bàbá Ṣadé ti bárò títí a fi dé ìdí igi máńgòrò tó wà níwájú ilé wa, wọ́n wá dúró.

"Ìyá Ṣadé."

"Ẹ̀n."

"Ṣé ó ṣílẹ̀kùn?"

Mo yọ ẹ̀dà kan nínú páálí, mo nà án sí wọn.