Ilé Tí Ọ̀dà Pupa Kò Kàn

Ọdún mẹ́rìnlá ni Bàbá Ọlọ́dà fi kun àmì pupa sára ilé àwọn tó kọ́lé sí ojú àgbàrá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ìjọba ìbílẹ̀ wa wó. Òjò wó mẹ́ta. A ò ka ti òjò mọ́ iṣẹ́ wa.

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́ nígbà náà. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí, kò sí ẹni tó lè fi ìwé pè mí. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn ọ̀gá òkè máa ń béèrè pé ilé mélòó la fi àmì sí. Wọn ò béèrè pé mélòó ló kúrò lójú omi, àwa náà ò sì dáhùn ohun tí wọn ò bi wá. Bí òjò bá ti fọ ọ̀dà dànù, Bàbá Ọlọ́dà á tún un kùn, èmi á tún un kà. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹsàn-án, ilé alámì tó wà nínú ìròyìn wa ti ju gbogbo ilé tó wà nílùú lọ. Wọ́n kọ lẹ́tà ìyìn sí wa. Ìwé ńlá kan ṣoṣo ló mọ òótọ́, èyí tí mo ń kọ nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan sí àti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba àmì.

Ẹ má rò pé ọkùnrin náà ń fi iṣẹ́ ṣeré. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé sára ọkọ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó wọṣẹ́ ìjọba. Á na okùn sára ògiri kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, á fa ìlà méjì tó gún régé tí wọ́n dábùú ara wọn, á wá kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀. Bí ọ̀dà bá kán sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á fi àkísà nù ún, á máa bínú sí ara rẹ̀ títí di ọ̀sán.

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọdún kẹta, wọ́n ti ń fi àmì náà júwe ilé fún àlejò: “Tó o bá dé ilé alámì kọkànlélógún, yà sọ́tùn-ún.” Onílé kan tiẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa wá fẹjọ́ sùn pé ti òun ti ṣá, àbí ìjọba ti gbàgbé òun ni? Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, onílé gbà, ìjọba gbà, gbogbo wọn jọ jókòó de àgbàrá.

Ilé kan wà láàárín ìkẹrìndínlógójì àti ìkẹtàdínlógójì tí kò ní àmì. Ìyá Aránṣọ ló ń gbé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá Ọlọ́dà, ọmọ ìyá rẹ̀. Bàbá wọn ló kọ́ ọ, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ọlọ́dà kọ́kọ́ gbé korobá débẹ̀, ó dúró síwájú ògiri.

“Àbúrò mi, ìwọ lo fẹ́ fọwọ́ ara ẹ kọ ọ́ sára ilé bàbá wa pé kí wọ́n wó o?”

Ó gbé korobá rẹ̀, ó kọjá sí ilé kejì. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàbá Ọlọ́dà ní tirẹ̀, ìta ló lo gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tán sí. Mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ mi, ojú mi sì ń rí ògiri. Mo dákẹ́.

Nígbà tó ku ọdún kan kí n fẹ̀yìntì, wọ́n gbé ẹnjiníà tuntun wá, ọmọbìnrin kan tó ń wọ bàtà òjò wá síbi iṣẹ́. Ó fẹsẹ̀ rin ojú àgbàrá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí ọ̀gá kankan ò ṣe rí. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ tó fi gba àṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà ńlá síbẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n sì fún àwọn tí ilé wọn máa lọ ní ilẹ̀ lórí òkè. Ẹ̀rù bà wá ní ọ́fíìsì. A ò ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí.

Òfin rẹ̀ ò le. Ẹni tí àmì rẹ̀ ti wà nínú ìwé ṣáájú ọdún yẹn máa gba ilẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, á jẹ́ pé àná ló sáré kọ́lé torí ilẹ̀ ọ̀fẹ́. Wọ́n á wó tirẹ̀ lásán.

“Ìyá, ṣé ẹ ò fo ilé kankan?” ló bi mí.

Mo ní ìwé wa pé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé èmi àti Bàbá Ọlọ́dà jọ pa ojú dé? Ó ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé náà sórí fóònù rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀dà pupa ti wọ́n nílùú. Àmì hù sára ilé ìdáná, ó hù sára ilé ẹni tó ti ń gbé orí òkè tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ pé àmì àwọn ti pẹ́, ìwé ló fo àwọn. Ẹnjiníà ní kí Bàbá Ọlọ́dà tẹ̀ lé wa, kó máa ya ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wá bá mi.

“Ìyá Oníwèé, ẹ bá mi fi ilé ẹ̀gbọ́n mi sínú ìwé.”

“Ìwé ti wà lórí fóònù ẹnjiníà.”

Ó jókòó. “Kí ni mo wá ṣe fún un yìí?”

“Oore ni ẹ ṣe fún un,” mo wí. Mi ò fi bú u.

A bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó ń na okùn, ó ń mi orí. “Kì í ṣe ọwọ́ mi.” Fọganáísà kan bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un wò. “Ọ̀dà ọkọ̀ lo lò,” ló dá a lóhùn. Inú bí fọganáísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa, àwọn mìíràn tí a ti pe tiwọn ní ayédèrú náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí a fi máa dé ilé Ìyá Aránṣọ, a ti pọ̀.

Àmì wà lára ògiri rẹ̀. Apá kan gùn ju èkejì lọ, ọ̀dà ti ṣàn dé ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí: 36½.

“Bàbá, ọwọ́ yín ni?”

Ó yọ okùn rẹ̀, kò nà án. “Ọwọ́ mi ni.”

“Á jẹ́ pé ojú oorun ló ti kùn ún,” fọganáísà sọ, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnjiníà fi ìka kan ọ̀dà náà, ìka rẹ̀ pọ́n. “Bàbá, ẹ tún un sọ. Màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé tó bá jẹ́ irọ́, iṣẹ́ yín lọ nìyẹn.”

Kó tó la ẹnu, Ìyá Aránṣọ ti jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

“Má kọ nǹkan kan, ọmọ mi. Ó ń parọ́. Èmi ni mo kùn ún lánàá. Kò kan ògiri yìí rí, èmi ni mo ní kó má kàn án.”

“Ìgbà wo lẹ kọ́lé yìí, mà?”

“Bàbá wa ló kọ́ ọ. Inú yàrá ọ̀tún yẹn ni wọ́n bí òun tó dúró yìí sí, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta rèé.”

Ẹnjiníà yíjú sí mi. “Ìyá, ṣé ó wà nínú ìwé?”

“Kò sí.” Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ fún un nìyẹn, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ dòní.

Ọmọ náà kì í ṣe ìkà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti da ti èèyàn mọ́kànlá nù láàárọ̀ yẹn, àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá sì dúró tì í, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́: ilé tuntun. Bàbá Ọlọ́dà yọjú kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde.